Kí ni títẹ̀lé Jésù ti gbà lọ́wọ́ yín? Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí

Ọmọ Aké (olùdarí)

Ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́jọ́ Àìkú, Máàkù orí 10 ni wọ́n kà nínú ìjọ wa: ọkùnrin tó sáré wá kúnlẹ̀ níwájú Jésù, tó ní òun ti ń pa òfin mọ́ láti kékeré. Jésù wò ó, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ohun kan ló kù, kó lọ ta gbogbo ohun tó ní, kó fi fún àwọn tálákà, kó wá máa tọ òun lẹ́yìn. Ojú ọkùnrin náà fà ro, ó bá tirẹ̀ lọ, nítorí ohun ìní rẹ̀ pọ̀. Bí oníwàásù wa ṣe ka ẹsẹ yẹn tán ló rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ ta ilé yín." Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, a sì bọ́ sórí ètò ìkórè.

Kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mátíù sọ ìtàn náà, Máàkù sọ ọ́, Lúùkù sọ ọ́, kò sí èyí tó ní ọkùnrin yẹn padà wá nínú wọn. Mo fẹ́ mọ̀: kí ni títẹ̀lé Jésù ti gbà lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí? Òfin kan ṣoṣo ni mo gbé kalẹ̀. A ò fẹ́ ẹ̀rí "mo fi ọ̀kadà sílẹ̀, Ọlọ́run fi jíìpù dá a padà." Ìyẹn pọ̀ lórí rédíò. Èyí tó lọ tí kò tíì padà ni ká sọ.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ẹni tí kì í wá sọ́jà.

Ní ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta báyìí, aṣọ méjì ló ń jẹ́ àdìrẹ. Ọ̀kan ni èyí tá a fọwọ́ ṣe. A lè fi òwú tàbí iko di í, tàbí ká fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i lára, ká rì í sínú aró, ká sá a, ká tún un rì, ká wá họ ẹ̀kọ yẹn kúrò, ká lù ú kó dán. Èkejì ni èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó kó gbogbo àwòrán tí àwọn ìyá wa fi orí ara wọn rò jáde. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kò ní ṣe wàhálà: kó yí ẹ̀yìn aṣọ wò. Aró máa ń wọ òwú já sódìkejì. Ti ẹ̀rọ, ojú nìkan ló máa dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní dúdú tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ àwọn tó ń ti Èkó wá kì í yí aṣọ wò. Wọ́n á kàn bi wá pé, "Ṣé ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é?" Ìdáhùn yẹn ni gbogbo èrè wà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ni ìsọ̀. Òun ló ń lọ kó ti ẹ̀rọ wá, mi ò sì bá a jà, torí pé ẹni tó fẹ́ aṣọ olówó pọ́ọ́kú náà nílò aṣọ. Ohun tí mo kọ̀ ni láti sọ pé ọwọ́ ló ṣe é. Mo gé páálí, mo kọ "Ti ọwọ́" sí ọ̀kan, mo kọ "Ti ẹ̀rọ" sí èkejì, mo gbé wọn kọ́ sókè ẹrù. Gbogbo ohun tí mo ṣe ò ju ìyẹn lọ.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé páálí tí mo gbé kọ́ ní ìsọ̀ tèmi máa sọ̀rọ̀ nípa ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oníbàárà á ka tèmi tán, á wá yíjú sí ti aládùúgbò mi, á ní, "Ti yín ńkọ́?" Wọ́n pè mí sí ìpàdé. Ìyá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an sọ pé, "A mọ̀ pé ìwọ lo mọ Jésù jù, àmọ́ má fi Jésù rẹ ba ọjà jẹ́." Oníbàárà kan tó máa ń wá ra aṣọ ẹbí ní bọ́ńdùlù-bọ́ńdùlù kò wá mọ́. Nígbà tó pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní ká pín ìsọ̀. Ó mú iwájú, àwọn oníbàárà sì bá a lọ síwájú. Èmi wà lẹ́yìn, nítòsí ìkòkò aró.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Òun ló san owó fírídọ̀mù mi, òun ló ra aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. A ṣì ń kí ara wa láàárọ̀. Ẹ máa sọ pé Ọlọ́run á fi oníbàárà mìíràn rọ́pò. Wọ́n ti ń wá díẹ̀díẹ̀, àwọn tó mọyì ti ọwọ́, àmọ́ wọ́n mọ ọjà ná púpọ̀.

Alábùkún Sàpọ́n

Ẹ̀rí tèmi rèé. Mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi fún ìjọ lọ́dún tó kọjá, kò pẹ́ kò jìnnà, ẹnì kan pè mí láti Kánádà...

Ọmọ Aké (olùdarí)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún òfin kà.

Alábùkún Sàpọ́n

Ó dáa, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ṣe é o.

Ìyá Ìbejì, Aṣẹ́rò

Ìtàn ọkọ mi ni wọ́n máa ń sọ nínú ìjọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyókù rẹ̀.

Ọkọ mi ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ó ní ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù, ó ní ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó ti gbó àmọ́ tó lágbára, àwọn ọmọkùnrin ń bá a ṣiṣẹ́. Ó lọ sí ìpàgọ́ àdúrà kan. Oníwàásù ní kí kálukú gbé ohun tó dì mú sórí pẹpẹ. Ó délé lálẹ́ Sátidé, ojú rẹ̀ ń tàn. Mi ò bi í ní nǹkan kan, mo rò pé àdúrà ló rí bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹ̀rọ ti lọ, píkọ́ọ̀pù ti lọ, owó wọn ti wọ àpò ìkọ́lé ìjọ tó lọ pàgọ́ sí. Àwọn ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀, wọ́n wá béèrè owó iṣẹ́ wọn. Èmi ni mo san án, nínú owó tí mo fi ń ra ìrẹsì tí mò ń sè tà.

A mú àwọn ìbejì kúrò ní ilé ìwé tí wọ́n wà. Ọkọ mi jẹ́rìí níwájú ìjọ pé òun ti fi ohun gbogbo sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo wá owó gáàsì.

Mo ti ka Bíbélì mi dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ananíà àti Sàfírà tí gbogbo oníwàásù fi ń dẹ́rù bà wá, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 5 sọ pé tọkọtaya ni wọ́n jọ mọ̀ sí i. Irọ́ ló pa wọ́n, síbẹ̀ Ananíà bá ìyàwó ẹ̀ sọ ọ́. Ọkọ tèmi kò ṣe tó Ananíà. Pétérù náà sì sọ fún un pé nígbà tí ilẹ̀ náà wà níbẹ̀, ṣé tìrẹ kọ́ ni? Ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó fi tipá ní kó tà á. Èkejì: Jésù ní kí ọkùnrin ọlọ́rọ̀ yẹn fún àwọn tálákà. Kò ní kó kó o wá fún òun àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn òun. Kí ló dé tí ìyẹn kì í wọ inú ìwàásù?

Ká sọ òótọ́, ọkùnrin náà yí padà. Inú rẹ̀ kì í tètè ru mọ́. Ó máa ń fọ aṣọ àwọn ọmọ. Ó ń ṣe lébírà níbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù fún ẹlòmíràn, kò sì fi ṣe ìtìjú. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, torí pé mi ò lè pè é ní òmùgọ̀, mi ò sì lè bá wọn pàtẹ́wọ́.

Ọmọ Lántòrò

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kátólíìkì ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Francis ará Assisi fún yín. Bàbá rẹ̀, Pietro Bernardone, oníṣòwò aṣọ ni (Aláàdìrẹ, ẹ gbọ́ o). Francis kó aṣọ bàbá rẹ̀ lọ tà, ó fẹ́ fi owó rẹ̀ tún ṣọ́ọ̀ṣì San Damiano ṣe. Bàbá fa ọmọ lọ síwájú bíṣọ́ọ̀bù. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń rántí ni bó ṣe bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ níbẹ̀, tó kó o fún bàbá rẹ̀. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kó dá owó bàbá rẹ̀ padà. Ṣọ́ọ̀ṣì San Damiano nílò owó náà o, síbẹ̀ ó ní kó dá a padà. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ òkúta lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n.

Ìyá Ìbejì, Aṣẹ́rò

Ẹ bá mi wá bíṣọ́ọ̀bù yẹn.

Ọmọ Onílẹ̀ tó kọ̀

Lúùkù orí 12 ẹsẹ 13. Ọkùnrin kan nínú èrò ní kí Jésù bá òun sọ fún ẹ̀gbọ́n òun kó pín ogún fún òun. Jésù ní ta ló fi òun ṣe onídàájọ́ yín? Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn gan-an, torí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí bá ti bá lálejò nílùú yìí mọ̀ pé àwọn áńgẹ́lì gan-an á sá níbẹ̀.

Bàbá wa ta ilẹ̀ kan lọ́nà Àdìgbẹ nígbà ayé rẹ̀, ó fún ẹni tó rà á ní ìwé. Ẹni náà wà lókè òkun, kò mọ ògiri yí i ká. Nígbà tí ilẹ̀ wọ́n lágbègbè yẹn, olórí ẹbí pe ìpàdé. Wọ́n fẹ́ tún un tà. Ìpín tó máa kàn mí tó mi í kan páànù ilé mi, ilé tó ti wà láìní òrùlé tí koríko ti hù nínú yàrá rẹ̀. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i, mi ò sì ní gba owó rẹ̀.

Nínú ẹbí, ẹnì kan kì í dá kọ nǹkan láìbá àwọn yòókù wí. Mi ò pe ẹnikẹ́ni ní olè, ẹnu mi ò sọ ọ́, àmọ́ kíkọ̀ mi ló sọ ọ́. Olórí ẹbí wa ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa bíi tèmi, ìjókòó iwájú ló ń jókòó. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n kú fún ni?" Àwọn àbúrò bàbá mi tí mo máa ń dọ̀bálẹ̀ fún láti kékeré kò dáhùn ìkíni mi mọ́.

Màámi kú lẹ́yìn náà. Ẹ mọ bí òkú àgbà ṣe máa ń rí níbí: ankoo, ìlù, kánópì ẹbí bàbá, kánópì ẹbí ìyá. Ẹbí bàbá wá lẹ́yìn ìsìn, wọ́n wọ aṣọ tó wù wọ́n, wọ́n jókòó lọ́tọ̀, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Àwọn àlejò rí i. Màámi lówó nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lókìkí, ohun tí wọ́n sì ń sọ lójú agbo ni pé kí ló dé tí ẹbí ọkọ rẹ̀ kò ṣe ẹ̀yẹ fún un. Òun kọ́ ló kọ owó ilẹ̀, èmi ni.

Ẹni tó ra ilẹ̀ náà nígbà ayé bàbá wa ti dé báyìí, ó ti pe gbogbo ọmọ bàbá wa lẹ́jọ́. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Kò mọ̀ pé ẹnì kan kọ̀ láàárín wa.

Tíṣà fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí arúgbó sọ tirẹ̀, ó lè gùn díẹ̀.

Ìlú yìí kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ yìí. Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọ Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá ọdún 1842, Henry Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Áńgílíkà, tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní ọdún 1843. Nígbà tí CMS wá tẹ̀dó pátápátá ní 1846, Àjàyí Crowther wà lára wọn, ọdún yẹn náà ló sì tún rí ìyá rẹ̀ tí ogun ti yà wọ́n. Èyí tá a máa ń fi yangàn nìyẹn. A kì í sábà sọ pé ní 1849, ní Ìgbórè, wọ́n na àwọn tó gba ìgbàgbọ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn sínú àbà. Ní 1867 ni Ìfọ́lé, tí wọ́n kó ẹrù inú ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere, tí wọ́n sì lé wọn jáde nílùú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bí bàbá tó bí bàbá bàbá mi, ohun tí mo sì fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kò ní pàṣán nínú. Àgbẹ̀ ni, ó ní ìyàwó mẹ́ta. Ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Òfin ìjọ nígbà yẹn ni pé kó mú ẹyọ kan kó lé àwọn yòókù. Ní 1888, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà láti gbogbo ayé pàdé ní Lambeth ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin oníyàwó púpọ̀, kó máa gba ẹ̀kọ́ lọ títí á fi lè gba òfin Kristi. Ti àwọn ìyàwó, wọ́n ní ó ṣeé ṣe nígbà míì. Bó ṣe rí nílé wa gan-an nìyẹn. Àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ìrìbọmi lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun kò lé ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi á bá wọn dé ṣọ́ọ̀ṣì, á jókòó sítòsí fèrèsé lóde. Wọ́n ní ó mọ orin ju àwọn tó wà nínú lọ. Nígbà tó kú, wọn ò sin ín sí ọgbà ìjọ.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń lọ sóko. Ọ̀rẹ́ yẹn ní ìyàwó púpọ̀ bíi tirẹ̀, ó mú ẹyọ kan, ó rán àwọn yòókù lọ, ó ṣe ìrìbọmi, ó di àgbà ìjọ, orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń fi í wàásù fún wa pé ó fi ohun tó wọ́n jù sílẹ̀ fún Olúwa. Mo wá dàgbà, èmi àti àwọn ọmọ ọmọ ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó rán lọ yẹn sì jọ kọ́ni ní ilé ìwé kan náà. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé tiwọn yàtọ̀. Wọ́n ní ìyá ìyá àwọn kó ẹrù rẹ̀ lórí, ó gbé ọmọ pọ̀n, ó padà sílé bàbá rẹ̀, àwọn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi kú. Nínú àwọn ọmọ ọmọ yẹn, kò sí ẹni tó ń lọ sí ìjọ wa.

Ìyàwó kì í ṣe ẹrù tí ènìyàn ń tà, mo mọ̀ pé gbogbo yín mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á sílẹ̀ nínú ìwàásù ni mò ń sọ: ọkùnrin náà "fi sílẹ̀," bíi pé ilẹ̀ tàbí àgbò ni. Ìyá Ìbejì, ìdí tí ọ̀rọ̀ yín fi gún mi nìyẹn. Mo ti kọ́ni ní Ìmọ̀ Bíbélì láti ìgbà ọ̀dọ́ mi, mi ò tíì lè dájọ́ láàárín ẹni tó wà lóde fèrèsé àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri. Ó dùn mí pé èyí tó wà lóde ló bí mi, ó sì tún ń dùn mọ́ mi.

Àǹtí Pánṣẹ́kẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti ń kọ tèmi tí mò ń pa á rẹ́ láti òwúrọ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ṣe yàhúù. Ẹ má bi mí pé ṣé ilé mọ̀, ilé mọ̀. Màmá wa jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìyá ìjọ, ó máa ń gbààwẹ̀ kí ọmọ náà lè mọ Olúwa, owó ọmọ náà ló sì ń fi kọ́lé ní Ọbáńtokò. Ọmọ náà wá mọ Olúwa lóòótọ́. Ó pa fóònù rẹ̀, ó ní òun ti parí. Ilé màmá dúró ní líńtẹ̀lì.

Màmá pè mí sínú yàrá. Ohùn tó fi ń gbàdúrà ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé kò lè yí padà lẹ́yìn tá a bá kan páànù ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí ojú rẹ̀, mo dákẹ́.

Mọ́tò kan wà nílẹ̀. Ẹnì kan tó ní ipò nínú ìjọ tó ń lọ nígbà yẹn ní kó gbé e wá kí wọ́n gbàdúrà sí i, kó lè wúlò fún iṣẹ́ Olúwa. Àbúrò mi ní Sákéù kò ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Lúùkù 19. Ó fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún tálákà, ó sì dá ohun tó fi èké gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tó lù ní jìbìtì. Ó rí obìnrin kan lórí Facebook, ó kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ dá owó rẹ̀ padà, kó fi nọ́ńbà báǹkì ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Obìnrin yẹn rò pé jìbìtì tuntun ni, ó dínà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀.

Ó ta mọ́tò náà níkẹyìn. Àwọn tí wọ́n ti tọ́jú tán, tí ọsibítù ò jẹ́ kí wọ́n lọ nítorí owó, ló fi san gbèsè wọn. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ń bi í pé ìjọ wo ló ti wá, ó ní òun kò ti ìjọ kankan wá.

Ó ń kọ́ iṣẹ́ sólà báyìí, ọ̀gá rẹ̀ kéré sí i lọ́jọ́ orí. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n èmi tí mi ò jí kọ́bọ̀ rí, èmi ni mò ń san owó ilé tí màmá ń gbé, èmi ni mò ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni àfẹ́sọ́nà mi. Ó ní ẹrù ilé wa ti pọ̀ jù fún òun. Ta ni kí n sọ ìyẹn fún nínú ìjọ tí wọ́n ti ń kọrin ìdúpẹ́ nítorí àbúrò mi?

Mẹ́tọ́díìsì paraku

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pẹ̀lẹ́.

Tèmi kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti yín. John Wesley, ẹni tó dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, sọ nínú ìwàásù rẹ̀ kan nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Oxford. Lọ́dún tó ń gba 30 pọ́ùn, ó ná 28, ó fi 2 tọrẹ. Lọ́dún kejì 60 ló wọlé, 28 náà ló ná, ó fi 32 tọrẹ. Ó di 90, ó di 120, 28 yẹn náà ni. Àwọn ènìyàn gbà pé ara rẹ̀ ló ń sọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Nígbà tí wọ́n gbé owó oṣù tó kéré jù kúrò ní 30,000 náírà sí 70,000 ní 2024, tèmi náà gòkè, mo ní ẹ jẹ́ kí n ṣe bíi Wesley: iye tí mò ń ná tẹ́lẹ̀ ni kí n máa ná. Gáàrì kò gbọ́ nípa Wesley. Mo ṣì ń tọrẹ, àmọ́ 28 tèmi kò dúró sójú kan rí.

Lándílọ́ọ̀dù Ọbáńtokò

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Èmi ni ọkùnrin Máàkù 10 yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin níwájú ilé mi. Ẹni tó gba méjì nínú wọn ń ṣe tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó ń san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kì í pẹ́, kì í bẹ̀bẹ̀. Owó yẹn ló ń gbé ọmọ mi obìnrin ní yunifásítì. Ojú fèrèsé mi ni mo ti ń wo àwọn tó ń wọlé. Mo mọ ọmọ télọ̀ tó ń gbé owó aṣọ oníbàárà wá síbẹ̀. Mo mọ bàbá kan tí a jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi lẹ́ẹ̀kan, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n bá òun lé wọn. Mo ní èmi kọ́ ni mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni mo sọ. Ó dìde, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Kò sẹ́ni tó bá mi wí nínú ìjọ. Kọ̀míìtì ìkọ́lé ni mo wà, wọ́n mọ ibi tí owó mi ti ń wá. Ìwé àdéhùn wọn máa parí lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sì ti ní àwọn máa fi kún un. Ẹni mìíràn tó fẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà fẹ́ ta oògùn, kò lè san ìdajì iye yẹn, ó sì fẹ́ máa san án loṣooṣù. Ọmọ mi ṣì ní ọdún méjì nílé ìwé.

Ọmọ Onílẹ̀, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Nígbà tẹ́ ẹ kọ owó yẹn, ta ló ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ yín?

Ọmọ Onílẹ̀ tó kọ̀

Kò sí ìbínú níbẹ̀, sà. Ìyàwó mi ni. Láfún ló ń tà ní Láfẹ́nwá. Mo kọ́kọ́ bi í kí n tó lọ sí ìpàdé ẹbí. Ó ní òun ti ń retí páànù yẹn ju bí mo ṣe ń retí ẹ̀ lọ, àmọ́ bí mo bá máa gba owó náà, kí n má fi orúkọ òun sí ìwé kankan.